Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀

Ní gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìjọba á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ òòfà wọn ọ̀rá inú ara ọmọdé, kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Ọmọ tí ọ̀rá rẹ̀ bá pọ̀ kì í rí gbà.

Mòrẹ́nikẹ́ tẹ́ Dúrójayé, ọmọ rẹ̀, sínú ẹ̀rọ náà, ó sì ká àpò tí yóò fi gba gàrí mọ́ abíyá. Ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, irun rẹ̀ ti pọ́n, kò sì lágbára àtisunkún mọ́. Ẹ̀rọ náà lù gbàgbàgbà, ó dákẹ́, nọ́ọ̀sì tó wà nídìí rẹ̀ sì ka èsì.

"Ìyá Dúró, ẹ̀dọ̀ ọmọ yín kún fún ọ̀rá. Kò sí oúnjẹ fún un."

"Ọ̀rá kẹ̀? Nọ́ọ̀sì, ẹ fojú yín wò ó ná!"

Nọ́ọ̀sì wò ó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ebi ló ń kó ọ̀rá sí i lẹ́dọ̀. Mo mọ̀. Àwọn tó ṣòfin náà mọ̀."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ máa fún un lóúnjẹ dáadáa, ọ̀rá náà á lọ. Ẹ gbé e padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Mòrẹ́nikẹ́ pọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ fa ọwọ́ ọmọ náà, ó tẹ òǹtẹ̀ "Ó YÓ" sí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o."