Nígbà tí Ògiri Dákẹ́

Níbikíbi tí kánsẹ́lọ̀ méjì bá ti ń sọ̀rọ̀, òfin ní kí gbogbo ìlú máa gbọ́ ọ lára ògiri ilé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Adùnọlá ṣe ń gbọ́ ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀, lójoojúmọ́, tí òun àti Kánsẹ́lọ̀ Fadérera ń sọ̀rọ̀ nípa gọ́tà ìlú, tó ń rẹ́rìn-ín tí kò rín nílé rí. Owú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ògiri kéde pé Fadérera ti fipò sílẹ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Ìyàwó wa, ọkàn ẹ á balẹ̀ báyìí.”

Adùnọlá gúnyán de ọkọ rẹ̀. Iyán tutù, ọkọ ò dé. Ó yíjú sí ògiri, ògiri ò sọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé Fadérera kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ mọ́, kò sì sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tó bá ń bá ọkọ òun sọ.