Ilé Tí Mosúnmọ́lá Fi Ẹnu Tà

Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ìwọ tí o ti ń lérí pé "a máa pàdé ní kóòtù," ìwọ gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Nọ́ọ̀sì ni Mosúnmọ́lá ní Houston. Òun àti Bíyìí, ọkọ rẹ̀, ni wọ́n jọ ra ilé kan sí àdúgbò Alief, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ràn ilé yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Ewúro tó gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, gbogbo ará ìjọ ló ń wá já níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti tọ́ Adéṣẹwà, ọmọ wọn kan ṣoṣo, dàgbà.

Àfi ìgbà tí àṣírí tú pé Bíyìí ní obìnrin kan sí ìlú Spring. Ó kó jáde. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó padà wá, ó jókòó sí etí àga bí àlejò.

"Mosún, èmi ni mo jẹ̀bi. Mú ilé. Kí n mú owó ìfẹ̀yìntì mi. Ká jọ fọwọ́ sí ìwé ìkọ̀sílẹ̀, owó lọ́yà ò ní pọ̀."

Mosúnmọ́lá pòṣé. "Ṣé kó lè parí wẹ́rẹ́, kẹ́nikẹ́ni má gbọ́ ohun tójú mi rí? Irọ́ ni! Adájọ́ máa gbọ́ gbogbo ẹ̀ pátá."

Ẹ wò ó o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tì í dànù.

2.
Lọ́yà tó gbà, obìnrin òyìnbó kan tó níwà pẹ̀lẹ́, kò tàn án jẹ. Ó ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé inú owó tó san sílẹ̀ ni òun yóò ti máa yọ owó gbogbo ìṣẹ́jú tí òun bá fi ṣiṣẹ́ fún un, títí kan ti orí fóònù. Mosúnmọ́lá mi orí, ó buwọ́ lùwé.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń rojọ́ nílé wa. Bí èèyàn bá dé iwájú àgbà, yóò kí i, yóò béèrè ará ilé rẹ̀, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, wọ́n á ní ó ń fi nǹkan pamọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Mosúnmọ́lá ṣe. Tó bá ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́, inú mọ́tò rẹ̀ ló ń lọ, á pe lọ́yà. Á béèrè àlàáfíà ọmọ, á béèrè ajá, á béèrè orúnkún tó ń dun lọ́yà lọ́jọ́sí. Lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bí àǹtí Bíyìí ṣe yínmú sí ìyá òun. Lọ́yà ń dáhùn "mm-hmm," aago ń lọ.

"Obìnrin yìí ń gbọ́ mi ju ẹbí mi lọ," ló fi ń yangàn.

Mọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ Aládùúrà, kìlọ̀ fún un. "Mosún, tó o bá fẹ́ sunkún, èmi ni kó o pè, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Lọ́yà ò nílò ju ọ̀rọ̀ ilé, owó àti ọmọ lọ. Kó gbogbo question ẹ jọ, fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo by email."

"Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn Bíyìí lo wà."

Kò pe Mọ́pẹ́ mọ́.

3.
Bíyìí náà gba lọ́yà tirẹ̀. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Wọ́n jà lórí firísà kan títí owó lẹ́tà fi ju owó firísà lọ. Owó tí Mosúnmọ́lá san sílẹ̀ tán, ó tún fi káàdì gbèsè san òmíràn, ìyẹn náà tún tán.

Bíyìí dá a dúró níwájú ọ́fíìsì lọ́yà. Ó ti rù. "Mosún, àwọn lọ́yà méjèèjì yìí ló ń jẹ ilé wa o."

"Kí wọ́n jẹ ẹ́! Ìwọ ṣáà ò ní jẹ ẹ́."

Ẹnu ti sọ ọ́. Nígbà tó yá, gbèsè ga débi pé kò sí ẹni tó lè dá owó ilé náà san nínú wọn. Wọ́n fara mọ́ ọn pé kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi san gbèsè.

4.
Ọjọ́ kóòtù pé. Mosúnmọ́lá wọ aṣọ tó dára, ó ti tò ó sọ́kàn bí yóò ṣe sọ ọ́. Adájọ́ béèrè orúkọ rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó fara mọ́ àdéhùn tí wọ́n kọ.

"Yes, Your Honor, but let me explain from the beginning..."

"Just yes or no, ma'am."

"Yes."

Ó parí. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ kò tíì tutù tán nígbà tó padà dé ìdí rẹ̀. Ẹjọ́ tó fi ilé rò, adájọ́ kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

5.
Apartment kan ní àdúgbò Greenspoint ni òun àti Adéṣẹwà kó lọ. Ó pe lọ́yà rẹ̀ kó lè dúpẹ́. Ó gbàdúrà fún un, ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, kò gbàgbé orúnkún.

Nígbà tí bíìlì ìkẹyìn dé, ìdúpẹ́ yẹn wà nínú rẹ̀. Wọ́n ka owó lé àdúrà náà.

Adéṣẹwà ló ń kà á sókè. "Mummy, so that woman knows everything about us? Èmi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí Daddy fi lọ."

"Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kó dùn ẹ́ ni."

"But I was in the next room. Èmi ì bá gbọ́ yín."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí débi pé ó ń bí mi nínú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìgbéyàwó bá ti fọ́ kọjá àtúnṣe, ẹ béèrè iye tí yóò ná yín kí ẹ tó bínú. Èyí tí ẹ bá lè fẹnu ara yín parí, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń ka ìṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ òfin ni kí ẹ bá lọ́yà sọ. Ẹkún yín, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó fẹ́ràn yín, kò ní gbowó.

Àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Kò kún agbọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó odindi ilé lọ ní Alief.