Òkè Tí Mọ́ṣúdù Rù Wá Láti Ilé

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò ní ka ìtàn yìí tán, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

1.
Lọ́dún 1982, Bàbá Ṣéhù, sójà àtijọ́ tó di kápẹ́ńtà ní Ìjemọ̀, ní tábìlì ńlá kan tó kún fún iyanrìn. Ó fi igi gbẹ́ ogójì sójà kéékèèké, ogún pupa, ogún dúdú. Nínú èèyàn méjì tó fẹ́ jà, ọ̀kan á tẹ́ pápá: á fi òkúta ṣe òkè, á bu omi ṣe àbàtà; àwọn méjèèjì á wá máa ju dáìsì jagun. Sójà tó bá wọ àbàtà, àfi kí ẹni tó ni ín ju mẹ́fà kó tó jáde. Bàbá ní òfin kan: ẹni tó tẹ́ pápá kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú apá tó ti máa jà.

2.
Ojú Bàbá ò ríran dáadáa mọ́. Ó ní ẹni tó bá borí lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni yóò jogún tábìlì àti gbogbo sójà. Ó ku èèyàn méjì: Mọ́ṣúdù, télọ̀ Kútọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì borí láti ọdún mẹ́fà, àti Fọlákẹ́mi, ọmọbìnrin kan tó ń ṣe táípíìsì.

Nígbà tí Sọ́ńdè pé, Mọ́ṣúdù ló kàn láti tẹ́ pápá. Ó ru òkúta wá láti ilé nínú ọpọ́n. Ó mọ òkè gíga sí apá kan, ó bu omi sọ apá kejì di àbàtà, ẹrẹ̀ pátápátá.

3.
Fọlákẹ́mi wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú iṣẹ́, Bọ̀ọ̀dá Mọ́ṣúdù. Apá òkè ni mo mú."

"Ìwọ ọmọ àná! Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú!"

"Òótọ́ ni, sà. Àgbà ló ń mú, ọmọdé ló ń pín. Ṣé kí n tú u ká, kí n tún un tẹ́?"

"O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkúta mi!"

"Ẹ pín, ẹ tún fẹ́ mú. Kí wá ni tèmi? Kí n máa pàtẹ́wọ́ fún yín?"

Bàbá Ṣéhù na ọwọ́ sórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀ dé ọrùn ọwọ́.

"Mọ́ṣúdù, ṣé ìwọ lè jagun láti ibí?"

Mọ́ṣúdù fa ọpọ́n rẹ̀ mọ́ra.

"Tóò. Ibẹ̀ lo ti máa jà."

4.
Sójà Mọ́ṣúdù mẹ́tàdínlógún ló há sínú ẹrẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ pò. Ó ju dáìsì títí, mẹ́fà kọ̀, kò jáde. Fọlákẹ́mi ló gba tábìlì.

Mọ́ṣúdù fi ìbínú kó òkúta rẹ̀ sínú ọpọ́n. Ó wò yíká. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e rù. Òun nìkan ló fi ipá gbé e dórí, ló bá gba ọ̀nà Ṣàpọ́n lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò pè é sídìí eré mọ́.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́ o: ẹ má pín, kí ẹ tún mú. Ẹ̀yin ọmọdé, bí wọ́n bá po ẹrẹ̀ dè yín, ẹ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́.

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.