Ọ̀kẹ́rẹ́ Bẹ Ìjàlọ Sí Orí

Àlọ́ mi jábọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́ nílẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti forí gbá òkúta, ìdin sì ti wọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó bẹ àwọn èèrà Ìjàlọ, wọ́n wá, wọ́n kó gbogbo ìdin jẹ.

"Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ."

Balógun wọn ní, "Ológun kì í kúrò lójú ogun." Wọ́n bá ń gé ẹran tó dára jẹ lọ sí ọpọlọ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́, da eérú sí wọn lára, ó ń kọrin:

"Ìdin ti tán o."
*Ẹ máa relé.*
"Ẹ má jẹ ẹni tó bẹ̀ yín."
*Ẹ máa relé.*

Ìjàlọ túká. Ọgbẹ́ jinná, àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ri èkùrọ́ mọ́lẹ̀, kì í rántí ibẹ̀ mọ́.

"Àwẹ̀ró, ibo ni mo rì í sí?"

"Ẹ dìde ná, ọkọ mi. Orí rẹ̀ lẹ jókòó sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ pa èkùrọ́ náà jẹ.