Ẹnu Ọ̀nà Ewúrẹ́

“Tún gbẹ́ ère idì kan sí i, kójú lè ti Wábù!” ni oníṣòwò tùràrí ké sí agbẹ́ òkúta tó so rọ̀ lára àpáta. Ibojì ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń gbẹ́, láti òkè wá sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Nábátéà, ará aṣálẹ̀ Arábíà ayé àtijọ́.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ gbẹ́ ẹnu ọ̀nà.”

“Irú ti Wábù? Ẹnu ọ̀nà ewúrẹ́!”

Wábù, aládùúgbò oníṣòwò náà, jókòó nítòsí níwájú ibojì kékeré tirẹ̀ tó ti parí. “Ewúrẹ́ kúkú ń ríbi wọlé.”

Ẹrú kan sáré dé, ó ń sunkún: ìyá ti kú.

Oníṣòwò náà gbójú sókè wo àwọn idì rẹ̀; kò tíì sí ẹnu ọ̀nà kankan lábẹ́ wọn.

“Ẹ gbé ìyá wa wá sínú tèmi,” ni Wábù wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, oníṣòwò náà ti ń rákò tẹ̀lé òkú ìyá rẹ̀ wọlé.