Aràn Tó Ń Ki Ikùndọlá

Àlọ́ mi fò pìrí, ó bà lé àpáta etí òkun, ó já sínú ikùn Ikùndọlá, ọmọ Ẹyẹ Òkun.

Inú ẹja tí ìyá rẹ̀ gbé wá ni Aràn àti ẹbí rẹ̀ gbà wọlé. Kàkà kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ bí àlejò, onílé ni wọ́n ń ki. Ẹ bá mi gbè é:

Ikùn rẹ ga, ó ga ju àpáta!
— Jẹun sí i!
Bó o bá jẹ, àwa náà á jẹ!
— Jẹun sí i!

Orí Ikùndọlá wú. Ó ń já ẹja gbà lẹ́nu àwọn àbúrò rẹ̀. Ikùn rẹ̀ yọ rogodo, ẹsẹ̀ rẹ̀ rí bí igi ìṣáná. Ìyá rẹ̀ gbé omi ewúro wá: "Ọmọ mi, aràn ń bẹ nínú rẹ." Ó yínmú: "Ìyá mi, ọlá lèyí!"

Ni Ọ̀fìnkìn bá dé. Àwọn àbúrò Ikùndọlá sín, ara wọn yá, wọ́n fò lọ. Ikùndọlá ní tirẹ̀ nà gbalaja, ó ń ké pe àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara rẹ̀ tó ń bá àrùn jà.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, Aràn là ń bá wọ̀yá ìjà látọjọ́ yìí, ó ti rẹ̀ wá. Ẹja tí à bá fi lókun, òun ló jẹ ẹ́."

Ó kọjú sí Aràn: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ yó, ẹ bá mi lé Ọ̀fìnkìn!"

Aràn ní, "Àlejò kì í dá sí ìjà onílé. Ẹja ọ̀sán ńkọ́?"

Ikùndọlá da ewúro sọ́fun gbuu, ó wá dá orin:

Aràn, ewúro rèé o!
— Jẹun sí i!

Aràn sá jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ráyè lé Ọ̀fìnkìn lọ. Ẹnu ni Aràn gbà wọlé tòun toríkì. Ọ̀nà tó gbà jáde, kò sẹ́ni tó kì í níbẹ̀.

Bí mo bá purọ́, kí n mu ewúro tó ṣẹ́kù.