Káfíńtà tí Kò Lè Jókòó fún Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Bóyá bàbá yín ni yóò gbà là.

1. Káfíńtà kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ọ̀gá Wàràwàrà. Iṣẹ́ òrùlé ló ń ṣe. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí kó tó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó sáré gun àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, fóònù wà létí.

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ lọ tọ̀ ná, sà. Ẹ bọ́ súwẹ́tà yẹn, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ṣé súwẹ́tà ló ń ṣàìsàn ni? Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí jàre, àwọn òṣìṣẹ́ ń dúró dè mí!"

Ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀rọ kọ 178, ó ga jù.

Dókítà mirí. "Iye yìí ò dá mi lójú. Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ó kọ́kọ́ sinmi. Ẹ má tíì lo oògùn kankan o."

2. Àyà rẹ̀ já. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Èrò pọ̀, ó jókòó pẹ́ kó tó kàn án, wọ́n wọ̀n ọ́n: 122, iye tó dáa. Ó dé ibi iṣẹ́, òṣìṣẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà: 165. Orí rẹ̀ dàrú pátápátá. Èwo ni tòun nínú gbogbo èyí? Ṣé ẹ̀jẹ̀ òun ló ń gòkè tó ń sọ̀, àbí ẹ̀rọ ló ń purọ́?

Kò bi ẹni tó mọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbà lọ.

"Àbúrò, oògùn tèmi kì í ṣe tìẹ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá!"

Ó já méjì gbà nínú oògùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbé e mì, ó tún kó díẹ̀ sápò.

3. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kàkà kó padà sọ́dọ̀ dókítà, ó tún gbé méjì mì, ó gun òrùlé. Oògùn náà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ jù, òòyì kọ́ ọ. Kó tó rí igi dì mú, ó ti balẹ̀. Apá ọ̀tún ṣẹ́ síbi mẹ́ta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nọ́ọ̀sì tún wọ̀n ọ́n, níjòókòó jẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. "Ẹ ò ní ẹ̀jẹ̀ ríru, sà."

Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tí kò gbédè. "Kí wá ni mo ń wò sàn?"

Apá náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè gbé òòlù mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ tọ̀, ẹ sinmi, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ ká aṣọ kúrò lápá, kí ẹ gbé e lé tábìlì, ẹ panu mọ́. Bí iye náà bá rú yín lójú, dókítà ni kí ẹ bi. Ẹ má lo oògùn ẹlòmíràn láé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.